Ta Ni Nawel Ń Ṣọ́?

"Nawel, fetí sílẹ̀ dáadáa, agbára àtisọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ò sí lára mi."

Ìyá rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, nítorí orúnkún ẹsẹ̀ náà kò ṣeé ká mọ́. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìsàlẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Oran, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ti ń fọn fèrè.

"Bí o bá ti kúrò níbi ẹ̀kọ́ àárọ̀, ilé tààrà ni o. Kó ìwé ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí o jókòó síbẹ̀ kà á. Wassim ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹ. Bí oòrùn bá ti ń yí bọ̀ sí bákónì lọ́sàn-án, gbé Zinou wọlé, kó má baà jóná. Hayet ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, dúró tì í, má jẹ́ kó dá nǹkan ṣe."

"Àǹtí Keltoum ńkọ́?"

"Kí ni ti Keltoum? Fi Keltoum sílẹ̀ jẹ́ẹ́."

Nawel rò pé ó ti rẹ ìyá òun ni kò fi lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé báàgì, ó sì fi èjìká gbé ìyá rẹ̀ ró sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń dúró mí ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, ó padà wọlé, ó dojú bolẹ̀ sórí àga. Ó ti rẹ òun náà.

Ilé alájà kan ni wọ́n ń gbé ní àdúgbò Tijditt ní ìlú Mostaganem. Òkè ni ibùgbé, ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ ti ń rán kọ́tìnnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ìyàwó tuntun. Bàbá rẹ̀ wà ní aṣálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa gáàsì. Bó bá lo oṣù kan lọ́hùn-ún, yóò wá lo oṣù kan nílé. Ẹni tó kù nílé báyìí ni Nawel, àti Wassim àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún tí jẹ́lé-ó-sinmi ti fún ní ìsinmi, àti Zinou, ẹyẹ kékeré olójú pupa inú àgò tí bàbá wọn ti fi sùúrù kọ́ ní orin láti ìgbà tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì a máa wá láàárọ̀: Àǹtí Keltoum, obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ránṣọ láti ìgbà tí Nawel kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀, àti Hayet, ọmọbìnrin tí kò tíì lo oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́.

Ìdánwò àṣejáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìmọ̀ oògùn ni Nawel fẹ́ kà ní yunifásítì. Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Kódà ẹni tó ń ta búrẹ́dì kì í fún un ní ṣéńjì láì sọ pé, "Dókítà oníkóró, ṣé ò ń kàwé?"

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, Nawel ṣe gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti wí. Ó kó ìwé ìṣirò sí orí tábìlì ìgéṣọ, ó sì ń ka ojú ìwé kan náà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, èkejì yóò dún. Hayet yóò na aṣọ sí i pé, "Wo èyí fún mi, ṣé ó ti tọ́?" Nawel kò mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Wassim yóò fa báírò yọ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì sáré wọ abẹ́ tábìlì. Àǹtí Keltoum yóò yí rédíò sókè, yóò máa bá a fa ìjà.

"Ẹ gbọ́ ohun tí òpònú yìí ń sọ! Ó ní àlùbọ́sà ò wọ́n! Ṣé òun ló ń bá wa se ọbẹ̀ ni?"

Bí Nawel bá gòkè ní ìrọ̀lẹ́, abọ́ ń bẹ láti fọ̀, ọmọ ń bẹ láti wẹ̀, ọkà ẹyẹ ń bẹ láti rọ sínú agolo. Orí ìwé ni oorun ti ń gbé e.

Ramzi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń ta fóònù nítòsí ọjà, ni ó bá a bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan tó wá kí wọn. Ó gbá a lórí pẹ́ẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ ti wọnú. Ta ló ní kó o jókòó sínú ariwo yìí?"

"Màmá ni. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ wọn."

"Láyé tá a wà yìí? Dúró."

Ó jáde, ó sì padà wá pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ. Ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó òwú sí, ó so ó pọ̀ mọ́ fóònù Nawel. Ṣọ́ọ̀bù hàn kedere nínú fóònù náà: ẹ̀rọ méjèèjì, tábìlì ìgéṣọ, àti ìdajì ẹnu ọ̀nà. Igun tí wọ́n tẹ́ ẹní sí nìkan ni kò hàn tán.

"Tó o bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, tẹ ibí," ni Ramzi wí. "Kò sí ibi tó o lè wà tó ò ní máa rí wọn. Máa lọ kàwé ẹ níbi tó bá wù ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àárọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Nawel ń lọ sí Salamandre láti kàwé lábẹ́ agbòòrùn létí òkun. Ọjọ́ wo ni wọ́n ti ń pè é! Ó dúró ní ìkòríta, ó yọ fóònù, ó wò ó. Àǹtí Keltoum ń ránṣọ. Hayet ń ránṣọ. Wassim ń fi òwú fa mọ́tò kékeré kiri lórí ilẹ̀. Ó pe Àǹtí Keltoum lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo máa pẹ́ díẹ̀ lónìí. Ẹ bá mi fojú sí Wassim."

"Ó dáa. Ṣáà kàwé o, má lọ wẹ̀ lókun."

Kò wẹ̀ lókun. Ó kàwé ní tòótọ́, ìwé sì wọ̀ ọ́ lórí lọ́jọ́ náà ju bó ti wọ̀ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí i lójú. Nígbà tí yóò fi délé, ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Nítorí náà ó tún lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ lọ́jọ́ kẹta, kò sì rántí tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ṣùgbọ́n fóònù kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó rò pé òun kàn fẹ́ yọjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ni. Bó bá ti yanjú ìṣirò kan, á yọjú. Bí ìṣirò bá le, á yọjú. Bó ṣe ń yọjú ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò rí nígbà tó jókòó láàárín wọn. Hayet kì í gbórí sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àǹtí Keltoum ní tirẹ̀, bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, á dìde, á jáde, kò ní tètè dé. Bó bá dé, á lọ jókòó sí orí ẹní ní igun, èjìká rẹ̀ àti orí rẹ̀ nìkan ni yóò máa hàn, kò sì ní mira fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Nawel tẹ ibi tí Ramzi fi hàn án.

"Àǹtí Keltoum! Níbo lẹ lọ láti ẹ̀ẹ̀kan?"

Obìnrin náà ta gìrì. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wá gbójú sókè wo kọ́bọ́ọ̀dù. Hayet fi aṣọ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Nawel."

"Níbo lo wà?"

"Mo wà níbi tá a ti ń kàwé."

"O wà níbi tẹ́ ẹ ti ń kàwé, o wá ń tinú kọ́bọ́ọ̀dù bá mi sọ̀rọ̀. Mo gun àtẹ̀gùn ni, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mo jẹ́, tó o fi ń yọjú wò mí látòkè?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe, kó wá síbí wá wò ó."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tó Nawel. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni ń wo eré. "Ọ̀gá àgbà!" ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà. "Ọ̀gá, àwọn òṣìṣẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní lé ẹnì kankan lónìí ni?" Nawel ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú, ó sì tún ń ṣe é bí ẹni pé ó yẹ kí ó fi hàn pé ó tọ́ sí òun.

Ohun tó bà á jẹ́ kò pẹ́ tó fi dé. Ọ̀sán ni. Àǹtí Keltoum ti wà lórí ẹní tipẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò mira. Àrán pupa tí ìyá ìyàwó kan gbé wá fún kọ́tìnnì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀gá, ẹni yẹn mà ti sùn," ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

Nawel tẹ fóònù, ó sì gbé ohùn sókè ju bó ṣe yẹ lọ.

"Àǹtí Keltoum! Iṣẹ́ ni Màmá mi ń sanwó ẹ̀ fún yín, kì í ṣe ìjókòó!"

Nínú fóònù, obìnrin náà gbójú sókè. Ó fi ìka kan sí ètè rẹ̀ pé kí ó dákẹ́.

"Hẹ̀ẹ́! Ó ní kó o panu ẹ dé!" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo.

Ojú ti Nawel, ara rẹ̀ sì gbóná. Ó tún sọ̀rọ̀, èyí tó tún sọ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní bí iṣẹ́ bá ti sú wọn, kí wọ́n sọ.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Keltoum ti ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í sórí ẹ̀rọ. Ó ti we ìbòrí rẹ̀. Kò pariwo. Nawel ì bá fẹ́ kí ó pariwo.

"Látìgbà tí mo ti dé ilé yìí, ìyá ẹ ò ṣọ́ mi lẹ́yìn rí. Mi ò lè bá ẹ̀rọ orí kọ́bọ́ọ̀dù jà, Nawel. Ìgbà tí ìyá ẹ bá dé, kó ránṣẹ́ pè mí."

Ẹ̀bẹ̀ ti dé ẹnu Nawel. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, oòrùn ti pa á, ohùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń dún létí rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ máa lọ nígbà náà. Hayet á ṣe é."

Obìnrin náà wò ó, ó fọwọ́ kan Wassim lórí, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti àárọ̀ kùtùkùtù. Hayet dúró sí iwájú tábìlì, ó ń wo àrán pupa náà bí ẹni ń wo ejò.

"Ṣé èmi nìkan ni mo máa wà níbí?"

"Mò ń wò ọ́ lórí fóònù. Má bẹ̀rù."

"Nawel, apá ibo ló yẹ kí irun àrán yìí kọjú sí? Àǹtí Keltoum ló máa ń tò ó fún mi."

"Ṣáà rán an bó o ṣe ń rí wọn tí wọ́n ń rán an." Ó ti ń pẹ́ dé ibi ẹ̀kọ́. "Fojú sí Wassim."

Ní Salamandre, iyanrìn ń ta síni lójú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti sá wọ inú ilé kọfí. Nawel gbé fóònù ti ife omi. Hayet ń ránṣọ láìgbójú sókè. Aṣọ pupa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀ bí omi. "Ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́," ló sọ. Ó wá Wassim, kò rí i. Ó tẹ fóònù.

"Wassim, jáde síbi tí mo ti lè rí ẹ."

Orí ọmọ náà yọ láti abẹ́ tábìlì. Ó yọ ahọ́n sí kámẹ́rà, ó sì tún rá mọ́lẹ̀. Ó ti di eré fún un láti bí ọjọ́ mélòó kan: bó bá ti gbọ́ ohùn láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò sá wọ ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù kò ti lè rí i.

"Wassim, mi ò bá ẹ ṣeré o."

Ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní kò burú, ṣebí òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó padà sí ìṣirò.

Igbe ló mú un gbórí sókè. Inú fóònù ló ti wá, ó sì ké débi tí gbogbo ilé kọfí fi yíjú. Nawel di fóònù mú. Ohun tó rí ni ẹ̀rọ méjì, àga òfìfo, àti àrán pupa tó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí tábìlì. Hayet ti sá lọ sí igun ibi tí ojú kámẹ́rà kò dé. Igbe náà kò dẹ́kun.

"Wassim! Hayet! Kí ló ṣe é? Hayet, dá mi lóhùn!"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó lè rí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kò sì lè ṣe nǹkan kan. Bó ti ń sáré wá takisí, tí iyanrìn ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ṣì ń pariwo sínú fóònù náà.

Áyọ́ọ̀nù ni. Hayet gbé e kalẹ̀ kó lè lọ mú òwú. Wassim, tó ń rá kòrò láti sá fún kámẹ́rà, fa okùn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù sì bọ́ lé e ní apá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Hayet ti ní ọgbọ́n àtigbé apá ọmọ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ó gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò, ó sì pe ẹnì kan ṣoṣo tó wá sí i lọ́kàn.

Nígbà tí Nawel dé ibẹ̀, Àǹtí Keltoum ti wà lórí bẹ́ǹṣì, sálúbàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi báńdéèjì di apá Wassim. Nawel na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà yíjú, ó fi orí pamọ́ sí abẹ́ apá obìnrin náà.

"Fi í sílẹ̀," ni Àǹtí Keltoum wí. "Oorun ló ń kùn ún. Àkókò oorun ẹ̀ nìyí."

Nawel jókòó ti Hayet. Ojú Hayet ti wú fún ẹkún.

"Mi ò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀. Wọ́láhì mi ò mọ̀. Àǹtí Keltoum ló máa ń tẹ́ ẹsẹ̀ fún un kó lè sùn ní irú àkókò yìí. Wọn kì í lè dìde bó bá ti sùn lé wọn lẹ́sẹ̀, ó máa ń jí."

Nawel ń rí ìka tí obìnrin náà fi sí ètè.

"Àti ọ̀sán, tí wọ́n máa ń jáde?" ló béèrè níkẹyìn.

"Ẹyẹ yín ni wọ́n máa ń lọ gbé wọlé. Ìgbà tí ìwọ ò wá lọ́sàn-án mọ́ ni wọ́n ti ń gbé e. Wọ́n máa ń bú ẹ lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé e."

Nawel dìde. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ó sáré délé, ó gun àtẹ̀gùn, ó ṣí ilẹ̀kùn bákónì. Oòrùn ti dé ibẹ̀ tipẹ́, wáyà àgò náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Zinou wà ní ìsàlẹ̀ àgò, ìyẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀. Agolo omi rẹ̀ ti gbẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ pè láti aṣálẹ̀. Ó sọ fún un nípa apá Wassim, bàbá rẹ̀ sì béèrè ohun tí dókítà wí, ó béèrè bóyá ọmọ ti jẹun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbé fóònù sún mọ́ Zinou kí n gbọ́ ohùn ẹ̀." Nawel sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ó dáa," ni bàbá rẹ̀ wí. "Lọ sinmi." Ohùn tó fi sọ ọ́ ni Nawel kò lè gbàgbé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó gun orí àga, ó já kámẹ́rà lulẹ̀, ó sì gbé e sínú àpò fún Ramzi. Ìgbà náà ló ká kọ́tìnnì àrán pupa sókè, tó gbé apá méjì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan mọ́lẹ̀. Hayet ti da orí apá kan kodò rán an mọ́ èkejì, àtòkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹni tí kì í gbórí sókè ṣe láti àárọ̀, títú ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé Àǹtí Keltoum. Obìnrin náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Kò ní kí Nawel jókòó.

"Àǹtí, mo wá bẹ̀ yín."

"Mo gbọ́."

"Mo rò pé ẹ kàn ń jókòó lásán ni."

"Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó lásán." Ó ju èèpo ẹ̀wà nù. "Ẹsẹ̀ mi ń ro mí, èmi náà ti ń dàgbà. Mo máa ń jókòó, mo máa ń mu kọfí, mo máa ń pe àbúrò mi lórí fóònù láti sọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò láìdáa. Ṣé o rò pé ìyá ẹ ò mọ̀ ni? Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì wo lo gbọ́ rí pé Keltoum rán tó já? Ìyàwó wo ló wọlé ọkọ tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ò tíì délẹ̀?"

"Kò sí."

"Ó dùn mí, Nawel. Ó ṣì ń dùn mí. Mo gbé ẹ pọ̀n rí."

Nawel bú sẹ́kún. Obìnrin náà jẹ́ kí ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó ti abọ́ ẹ̀wà sí i.

"Bá mi bó o, kó lè tètè tán. Àrán yẹn ńkọ́? Ta ló ń rán an?"

"Hayet ti rán an."

"Yéè!" Àǹtí Keltoum dìde dúró. "Irun ẹ̀ ńkọ́?"

Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú àrán náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, nítorí bí a bá fi agbára fà á, yóò ya. Wassim jókòó sáàárín wọn, ó ń kó òwú pupa jọ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ojú Nawel ń ta á, ọrùn rẹ̀ ń dùn ún. Kò kàwé kankan. Nígbà tí Hayet bẹ̀rẹ̀ sí í rán an padà, Àǹtí Keltoum dúró sí èjìká rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ dání, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ra àrán náà sókè, ó rà á sísàlẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ọ? Apá ibí ń yọ̀, apá ibí ń họni. Ọwọ́ lo fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú." Ó dúró tì í títí ọwọ́ Hayet fi dá a mọ̀.

Ìyá Nawel dé nígbà tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì wà lábíyá rẹ̀. Gbogbo ìtàn náà ni wọ́n ti sọ fún un lórí fóònù. Ó ti ní kí Nawel kọ́kọ́ parí ìdánwò. Ọjọ́ tó parí ni ó pè é wá sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Nígbà tí mi ò sí nílé, ta lò ń ṣọ́?"

"Gbogbo wọn, Màmá."

"Rárá. Fóònù lò ń ṣọ́."

Nawel wolẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó mí kanlẹ̀.

"Kì í ṣe bákan náà la ṣe ń ṣọ́ wọn, ọmọ mi. Ọmọ bíi Wassim, ibi tí ọwọ́ ẹ ti lè tó o ni kó o wà. Kó o máa rí i nìkan ò tó, kó o lè gbá a mú ni. Ẹyẹ ò lè pariwo pé oòrùn ń pa òun. Àkókò tó bá tó láti gbé e, gbé e, bó sú ẹ, bó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, dúró tì í títí ọwọ́ ẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọṣẹ́, tó o sì mọ ìwà ẹ̀, gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kó o kúrò níbẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kó o kí i pé ó kú iṣẹ́. Ẹni tó yẹ kó o fi sílẹ̀ lo lẹ̀ mọ́, àwọn tó yẹ kó o lẹ̀ mọ́ lo fi sílẹ̀."

"Ó rẹ̀ mí ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Ó ń rẹ gbogbo wa."

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Nawel yege, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń béèrè fún ìmọ̀ oògùn. Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì Mostaganem, kó lè máa gbé nílé. Apá Wassim jinná, àpá rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó ń dán bí etí ife. Bàbá rẹ̀ kò ra ẹyẹ mìíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ooru ti ń rọlẹ̀, Nawel sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ti lọ rí dókítà, Hayet lọ ra òwú. Àǹtí Keltoum nìkan ló wà níbẹ̀, lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń sùn ni. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ìbòrí rẹ̀ ti yẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti yọ kúrò nínú bàtà. Iṣẹ́ ọ̀la wà lórí ẹ̀rọ, kò tíì parí. Wassim ti ń bọ̀ lẹ́yìn Nawel, ó la ẹnu láti pè é.

Nawel fi ìka sí ètè. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú pinpin, wọ́n jáde sí ìta, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn kí ariwo òpópónà má baà jí i.